Àrokò Tí Kò Ní Ìránṣẹ́

Ẹni tí ó bá gba orí afárá Third Mainland, tí a parí ní ọdún 1990, wọ Erékùṣù Èkó, òpópó Adéníji Adélé ni yóò sọ̀ sí. Orúkọ ọba ni òpópó náà ń jẹ́. Ọba Adéníji Adélé Kejì ni ó wà lórí ìtẹ́ Èkó láti ọdún 1949 títí di ọdún 1964. Ọ̀sà wà ní apá kan òpópó yìí, Ìsàlẹ̀ Èkó pẹ̀lú àwọn agboolé rẹ̀ àtijọ́ sì wà ní apá kejì. Ibi tí ogún pọ̀ sí ni, kò sì sí ibi tí ogún pọ̀ sí tí ẹjọ́ kì í sí. Ọba Adélé fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú rẹ̀: ẹjọ́ tí àwọn ọmọ ilé Dòsùmú bá a ṣe lórí ààfin Ìga Ìdúngànràn kò parí sí Èkó, ó dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1957.

Ní àdúgbò yìí ni mo ti bá ẹbí kan jókòó níbi ìpàdé láìpẹ́ yìí. Ilé tí baba wọn àgbà fi sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó na fóònù rẹ̀ sókè, ó ní, “Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tí Bọ̀dá wa tó wà ní Ìlú Ọba kọ. Ẹ wò ó kedere: ‘Ẹ ta ilé náà.’” Àwòrán ojú fóònù ni ó ń fi hàn wá. Orúkọ bọ̀dá náà wà lókè rẹ̀, aago tí ó kọ ọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ariwo ta. Àwọn kan bú sẹ́kún, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Àlájà. Kò tilẹ̀ gba fóònù náà wò. Ó dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó wá bi ọmọ náà pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó fi í rán ọ? Kí ni bọ̀dá rẹ sọ kí ó tó sọ èyí?”

Ọmọ náà kò lè fèsì. Ẹnì kan ni ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i. Ẹni yẹn gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí ó mọ ọwọ́ tí ó ti kọ́kọ́ jáde. Ìbéèrè Àlájà kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi dé ilé. Ó dà bí ẹni pé nínú gbólóhùn méjì ó ti ka ìtàn Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní sikirinṣọ́ọ̀tù, ni èyí tí a ń yà láìlo kámẹ́rà, nígbà tí a bá fẹ́ kí ohun tí ó hàn lójú ẹ̀rọ dúró bí ó ti rí ní ìṣẹ́jú náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ jáde ní ọdún 1981, bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí a kọ PrtSc sí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì Shift, ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà yóò lọ sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, yóò sì jáde lórí bébà. Nígbà tí Windows gba òde, bọ́tìnnì yìí kò lọ sórí bébà mọ́. Ẹ̀dà ni ó ń ṣe sínú kọ̀ǹpútà, tí onítọ̀hún yóò wá lẹ̀ mọ́ ibi tí ó bá wù ú.

Ọ̀nà tí a ó fi fi irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ ti ń là bọ̀ ní tirẹ̀. Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson ní Amẹ́ríkà fi ímeèlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ìsokọ́ra. Ní ọdún 1992, Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó mú kí a lè so àwòrán mọ́ ímeèlì. Ní ọdún 2001 fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà. iPhone bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú ara rẹ̀ ní ọdún 2008, fóònù oní-Android sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2011. Láti ìgbà náà ni ó ti di iṣẹ́ ìka méjì. Ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà í tàn lè ya ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí omi tí ó gbé kaná tó hó.

Ẹ̀rọ náà jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ohun tí a ń fi í ṣe ti pẹ́ láàárín wa. Láti ìgbà láéláé ni Yorùbá ti ń wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò fi kúrò lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́, tí yóò di ohun tí a lè fi ojú rí, tí a lè dì, tí a lè fi ránṣẹ́. Àrokò ni orúkọ rẹ̀. Bí owó ẹyọ méjì bá dojú kọ ara wọn lórí okùn, ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ń fẹ́ kí òun àti ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí fojú kan ara wọn. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Owó ẹyọ mẹ́fà jẹ́ ẹ̀fà: ọkàn ẹni náà fà sí ọ. Mẹ́jọ jẹ́ ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wọn jọ ara wọn. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ni ó lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1887, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù gbé irú àwọn àrokò bẹ́ẹ̀ jáde. Ọwọ́ ọmọ Èkó kan ni wọ́n ti rí wọn gbà, John Augustus Ọ̀túnba Payne, tí ìran rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú wá, tí ó sì jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé-ẹjọ́ gíga ìlú Èkó. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú fi ránṣẹ́ sí ìbátan rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn odi. Ohun tí ó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Payne kò kàn kó okùn àti owó ẹyọ fún àwọn òyìnbó kí ó sì máa lọ. Ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan bá a rìn: ẹni tí ó fi í ránṣẹ́, ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí, àti ohun tí ọ̀kan fẹ́ kí èkejì mọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó ẹyọ lásán ni ìbá wà nínú àpótí wọn.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé àrokò kì í dá rìn. Ìránṣẹ́ ni ó ń gbé e. Bí ó bá dé, a óò fún un lómi, a óò fi í jókòó, a óò bi í léèrè bí ojú ọlọ́rọ̀ ti rí nígbà tí ó ń di okùn náà. Ìránṣẹ́ tí ó bá purọ́ yóò padà sí ilé tí ó ti wá, níbi tí a ti mọ ìyá rẹ̀ àti baba rẹ̀. Àwọn àgbà tilẹ̀ fún un ní àyè láti fi ọgbọ́n kún iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó ru ẹrù ọ̀rọ̀, ó sì ru ẹ̀bi rẹ̀ pẹ̀lú.

Èkó ti jìyà ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ láìsí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùmú àti àwọn ìjòyè rẹ̀ fi àmì sí ìwé tí ó fi Èkó lé ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀dà ìwé náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá wò ó níbẹ̀ yóò rí orúkọ ọba, yóò rí àmì ọwọ́ rẹ̀, yóò rí orúkọ àwọn ìjòyè. Yóò rí i pé a ó máa san 1,200 àpò owó ẹyọ fún ọba lọ́dọọdún. Lójú rẹ̀, ọba tí ó fẹ́, tí ó sì gbà, ni ó wà nínú ìwé náà.

Ohun tí ìwé náà kò fi hàn ni ọkọ̀ ogun Prometheus tí ó dúró sínú ọ̀sà pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Kò fi hàn pé ọba kọ́kọ́ kọ̀, àti pé wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn yóò yìnbọn sí ìlú. Kò sì fi hàn pé ọdún mẹ́wàá péré ni ó ti kọjá tí ọkọ̀ ogun irú wọn ti yìnbọn sí Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi àmì sí ìwé náà tí ọba àti àwọn ìjòyè kọ ìwé sí Ọbabìnrin Victoria láti fi ẹ̀hónú wọn hàn. Àmọ́ ìwé tí ó ní àmì ti lọ ṣáájú, ó sì ti jókòó. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ó wà lójú rẹ̀. Àmì ọba ni àmì náà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn etí bébà ni ó sọ ọ́ di irọ́.

Lẹ́yìn èyí ni fọ́tò dé. Ní ọdún 1896, N. Walwin Holm, ọmọ Gold Coast, ṣí ilé-iṣẹ́ fọ́tò ní Èkó, ó sì di gbajúmọ̀ láàárín àwọn ọlọ́lá ìlú. Nígbà tó yá, ó fi kámẹ́rà sílẹ̀, ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Ìlú Ọba, ó sì padà wá ṣe agbẹjọ́rò. Àwọn kan túmọ̀ àwòrán sí ohun tí a wò, tí a fi rántí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará Èkó ìgbà náà ṣe lo fọ́tò. Ọmọ tí ó wà lókè òkun gba fọ́tò ìyá rẹ̀. Ìyá gba fọ́tò ọmọ. Ṣùgbọ́n àṣà àwọn ayàwòrán ìgbà náà ni láti tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn sára páálí tí wọ́n lẹ fọ́tò mọ́. Bí ìyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí àwòrán, a mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra ẹ̀dà. Àìsí ẹ̀dà ti fẹ́ ṣe wá ní ibi rí. Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù fún títẹ̀. Ìwé náà sọnù sọ́hùn-ún, Johnson sì kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó tún ìwé náà kọ, kí ó tó jáde ní ọdún 1921. Bí ẹ̀dà kan bá ti wà nínú àpótí ni, wàhálà ogún ọdún ìbá ti fò wá. Ẹ̀dà dára. Ohun tí mo ń bèèrè ni ẹni tí ó dúró ti ẹ̀dà náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ronú sí ọ̀pá àṣẹ ọba Èkó. Ní ọdún 1920, nígbà tí Olóyè Amodu Tijani, Olúwa, ń gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó, dání. Ọ̀pá náà ni àrokò rẹ̀: ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé ọba ni ó rán an. Ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù gbé ọ̀rọ̀ jáde tí ó sọ Elékòó di ọba lórí mílíọ̀nù 17 ènìyàn. Inú bí ìjọba amúnisìn. Wọ́n ní kí ọba ké e káàkiri ìlú pé òun kò rán Macaulay ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọba kọ̀ láti sọ ọ́ bí wọ́n ti fẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba kò kà á sí ọba mọ́. Ní ọdún 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ni ó tó padà sí Èkó, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ti dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ láre. Ní ti ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, Olúwa ti jàre láti ọdún 1921.

Ìyà ńlá ni ọba jẹ lórí iṣẹ́ tí a jẹ́ ní orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ wò ó: ní ọjọ́ kan, wọ́n lè dé Ìga Ìdúngànràn kí wọ́n sì bi í pé, “Ṣé ìwọ ni ó rán an?” Ẹni kan wà tí ìbéèrè náà bá, ó sì dáhùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, ó sì ru ẹrù ìdáhùn náà.

Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2020, ní ọjọ́ kejì ìbọn tí ó dún ní Lẹ́kkí, àwọn jàǹdùkú ya wọ ààfin kan náà, wọ́n sì gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Rilwan Akíolú jáde sí ìgboro. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí fóònù káàkiri ayé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan sunkún. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn kan náà, àwòrán mìíràn ń rìn pẹ̀lú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìlú mìíràn tàbí ti ọdún mìíràn, bí àwọn tí ń ṣàyẹ̀wò ìròyìn ti fi hàn nígbẹ̀yìn. Èyí tí ó jẹ́ òótọ́ àti èyí tí ó jẹ́ irọ́ wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì dé ọwọ́ wa ní wákàtí kan náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní ìránṣẹ́ tí a lè fi jókòó.

Àwọn amòfin wa ti rí ewu yìí. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, tí a tún ṣe ní ọdún 2023, ní abala 84 tí ó sọ bí ohun tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde yóò ṣe di ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Ó ń bèèrè bí kọ̀ǹpútà náà bá ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ ní ìgbà náà, ó sì ń fẹ́ ìwé-ẹ̀rí tí ẹni tí ẹ̀rọ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí. Lẹ́yìn ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Bayelsa ní ọdún 2012, wọ́n mú ojú-ewé ìwé ìròyìn kan àti àkójọ orúkọ àwọn olùdíje, tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wá síwájú àwọn adájọ́. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò gbà wọ́n wọlé, nítorí a kò mú ohun tí abala 84 bèèrè ṣẹ. Bí a bá bọ́ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lára òfin yìí, ìbéèrè Àlájà ni yóò ṣẹ́kù: ta ni ó fi í rán ọ?

Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ jìnnà sí ìyẹ̀wù wa. Púpọ̀ nínú àwòrán ojú fóònù tí ó ń fọ́ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní ibòmíràn kò dé iwájú adájọ́ rí. Ìyàwó kọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òru. Ní òwúrọ̀ ìyá ọkọ ti rí i. Ọmọ fi ìbínú kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì ní ìrọ̀lẹ́, àforíjì náà kò sí nínú àwòrán. Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo aṣọ ni à ń sá lóòrùn, ẹ̀rọ yìí sì mú kí aládùúgbò lè sá aṣọ tìrẹ fún ọ nígbà tí o sùn. Wọ́n tún ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dájọ́, òṣìkà ni. Gbólóhùn kan tí a gé kúrò láàárín ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ tó ẹjọ́ ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìpàdé ẹbí yẹn. Lẹ́yìn ìbéèrè Àlájà, ẹnì kan pe bọ̀dá náà ní Ìlú Ọba, ó sì gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Àlájà ní kí ó ka gbogbo ohun tí ó kọ ní ọjọ́ náà láti òkè délẹ̀. Ó kà á. Ohun tí ó kọ ni pé: “Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èmi ni mo ní, ẹ ta ilé náà, ẹ má dá a lóhùn.” Ọwọ́ kan ti gé e sí àárín, ó sì ti fi èyí tí ó kù ránṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún Àlájà. Ó sọ fún un pé kí ó dìde, pé òun kò bínú sí i, àmọ́ kí ó mọ̀ pé nígbà tí ó na fóònù sókè, òun ni ó di ìránṣẹ́, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn, òun náà ni mo fẹ́ fi lé òǹkàwé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ gbígbé lọ́wọ́ ìránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tí ó bá ya ojú fóònù tí ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ ti gbé àrokò. Kí ó bi ara rẹ̀ ní ohun tí ẹni tí ó gbà á ìbá bi í bí ó bá jókòó síwájú rẹ̀: ta ni ó sọ ọ́, kí ni ó sọ ṣáájú, ṣé ó fẹ́ kí n gbọ́ ọ? Bí kò bá lè dáhùn, kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn sí ọwọ́ rẹ̀. Ọba Dòsùmú kò rí ẹni bá a bèèrè ìbéèrè yìí ní ọdún 1861. Ẹbí Adéníji Adélé yẹn rí Àlájà, ilé baba wọn sì wà níbẹ̀ títí di òní.